Kí Ni Ẹ Máa Mu? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ife Tó Máa Ń Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwo Oúnjẹ ní Họ́láńdì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn, tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ torí tiwa, ẹ ṣeun, ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa láti Suriname àti Ghana tí ẹ wá bá wa jókòó, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á máa túmọ̀ fún yín.

Nígbà tí alága pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí à ń mu sí oúnjẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn kún àsọyé?" Mo ní ó kún un dẹ́múdẹ́mú.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ọdún 14 tí mo ti ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ nínú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kan nílùú Amsterdam yìí. Láàárọ̀, ní aago mẹ́wàá, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, mo máa ń kan ilẹ̀kùn, ìbéèrè kan náà ni mo sì máa ń béèrè: kí ni ẹ máa mu? Mo ti bi ará Họ́láńdì, mo ti bi ará Morocco, mo ti bi ará Ṣáínà, ará Tọ́kì, ará Suriname, ará Ítálì, mo sì ti bi ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ìdáhùn wọn ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Omi ìlú èèyàn, ẹran ọ̀sìn ìlú rẹ̀, ìnira tí àwọn baba rẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ife tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ. Ẹni tó bá fi ife ẹlòmíràn ṣẹ̀sín, ìtàn ẹni náà ló fi ń ṣẹ̀sín.

Wàrà kíkan tí mo dà nù

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú yàrá kẹta, ọmọ ìlú yìí, àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Aago méjìlá ọ̀sán kọjá díẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì síwájú wọn, mo béèrè ohun tí wọ́n máa mu, wọ́n ní karnemelk. Mo lọ sí ìdí fìríìjì, mo ṣí páálí kan, mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ti kan! Mo dà á nù. Mo ṣí èkejì, ó kan. Mo ṣí ẹ̀kẹta, ó kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi, mo ní gbogbo wàrà inú fìríìjì ti bàjẹ́, kí àwọn aláìsàn má lọ mu ún. Ọ̀gá mi tọ́ díẹ̀ wò, ó ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Karnemelk ni wàrà tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti po wàrà títí tí bọ́tà fi yọ kúrò lára rẹ̀. Kíkan ni adùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin ará Ìlọrin, ṣé ẹ ò mọ nọ́nò ni? Ṣé kì í ṣe àwa la máa ń sáré tẹ̀lé obìnrin Fúlàní tó ru igbá, tí a máa ń ní kó fi jàrá sí i? Èmi tí mo mu nọ́nò dàgbà, n kò dá ẹ̀gbọ́n nọ́nò mọ̀, torí pé inú páálí ni mo ti bá a, lórí àwo òyìnbó. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Mo bu òmíràn lọ fún bàbá náà. Wọ́n mu ún láìgbé ife sílẹ̀, wọ́n nu ètè wọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ìyá wọn tó ń po bọ́tà nínú oko wọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá bi èèyàn ní ohun tó máa mu, kí n fi etí sílẹ̀ dáadáa.

Oúnjẹ tí kò ní ọbẹ̀

Kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń mu wàrà sí oúnjẹ ọ̀sán? Ọ̀pọ̀ yín ti rí i níbi iṣẹ́. Ọ̀gá tó wọ kóòtù, tó so táì, tí ọ̀rọ̀ owó rẹpẹtẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jókòó láàárín àwọn òṣìṣẹ́, á yọ búrẹ́dì láti inú àpò, á sì gbé ife wàrà tútù sẹ́nu. Àlejò láti Faransé á wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí lójú tirẹ̀ ọmọdé ló ń mu wàrà. Ará Ítálì tí kì í fẹ́ kí wàrà kan kọfí òun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán á mirí. Ọmọ Yorùbá á ní inú ló ń run ọ̀gá, torí nílé wa, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú la máa ń sáré wá mílíìkì fún.

Ẹ wo àwo àwọn ará Họ́láńdì dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ilé wọn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni oúnjẹ gbígbóná, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ àti ọ̀sán, búrẹ́dì ni: búrẹ́dì àti wàràkàṣì, búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀, búrẹ́dì àti ṣokoléètì wínníwínní tí wọ́n ń pè ní hagelslag. Ṣé ẹ rí ọbẹ̀ níbẹ̀? Kò sí ọbẹ̀. Gbígbẹ ni. Ọ̀fun ń wá ohun tí yóò ti òkèlè sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ tí ilá àti ewédú ń ṣe lọ́nà ọ̀fun tiwa, wàrà ló ń ṣe é fún wọn.

Tiwa ńkọ́? Ṣé ẹ rántí? Bí ọmọdé bá nawọ́ sí ife omi kó tó jẹun dé ìdajì, ìyá á ní, "Gbé e sílẹ̀! Oúnjẹ ni kí o jẹ, má fi omi dí ikùn." A jẹun tán, a ṣan ọwọ́, a wá mu omi, a dúpẹ́. Ọbẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo èyí: àwa là ń mu gàrí. Àwa là ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Lọ́dọ̀ wa, ohun mímu lè jẹ́ oúnjẹ fúnra rẹ̀, àkàrà la sì fi ń tì í. Búrẹ́dì làwọn ń jẹ, tí wọ́n fi wàrà tì í. Ẹ̀kọ làwa ń mu, tí a fi àkàrà tì í. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò sì sí ohun tó là mí lójú tó o.

Nígbà tí omi jẹ́ ọ̀tá

Yorùbá ní omi kò ní ọ̀tá. Ní Amsterdam àtijọ́, omi fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Omi yí wọn ká, wọn ò sì rí omi mu. Ẹ̀gbin ilé àti ẹ̀gbin ibi iṣẹ́, inú àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ la ìlú já ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ń gbe omi òjò sínú kòtò abẹ́ ilé, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ bu omi wá tà láti odò Vecht. Bíà tí kò le ni ohun mímu ojoojúmọ́, tọmọdé tàgbà, àtàárọ̀ dalẹ́, torí pé wọ́n ti se omi rẹ̀ kó tó di bíà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò wọn gbé tíì dé láti Ṣáínà, wọ́n gbé kọfí dé láti Java, àwọn méjèèjì sì rọra lé bíà kúrò lórí tábìlì àárọ̀. Omi sísè ni tíì, omi sísè ni kọfí.

Kọ́lẹ́rà wọlé ní 1832. Ó padà wá ní 1848, ó tún padà wá ní 1866. Láàárín ìgbà yẹn, ní oṣù December 1853, omi mímọ́ kọ́kọ́ wọ ìlú nínú páìpù, láti àárín àwọn òkìtì yanrìn etí òkun lẹ́bàá Haarlem. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jacob van Lennep wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀, owó àwọn ará Ìlú Ọba ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń tà á lẹ́nu ibodè ìlú, garawa kan, sẹ́ǹtì kan. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn obìnrin tò, garawa lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de omi. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kẹ́ẹ̀gì tò lórí ìlà rí, ṣé ojú yín ò ti rí i?

Lónìí, omi ẹ̀rọ ibí wà lára èyí tó mọ́ jù lọ láyé. Wọn kì í fi oògùn chlorine sí i kó tó dé ilé wa. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ìyá láàárín wa tí wọ́n ti lo ogún ọdún níbí, tí wọ́n ṣì ń ru omi inú ike gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gba ẹ̀yìn yín là. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, kí ẹ mu ún.

Ohun kan tún máa ń ya àlejò lẹ́nu: bí ẹ bá dé ilé oúnjẹ, tí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi, tówó-tówó ni wọ́n sábà máa gbé wá, nínú ìgò. Ní Faransé, òfin ní kí wọ́n bu omi ẹ̀rọ fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní England, láti 2010, ilé tó bá ń ta ọtí kò gbọ́dọ̀ kọ̀ bí oníbàárà bá béèrè fún un. Níbí, kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kó wà.

Ẹni tó kọ́ wọn ní wàrà mímu

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó sí. A máa ń rò pé láti ayébáyé ni ará Họ́láńdì ti ń mu wàrà tútù nínú ife. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sin màlúù. Ṣùgbọ́n kí fìríìjì tó dé, wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún kì í pẹ́ bàjẹ́, pàápàá nínú ìlú ńlá. Bọ́tà àti wàràkàṣì ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n ń fi òmíràn se ẹ̀kọ, èyí tó kan ni àwọn àgbẹ̀ sì ń mu.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, wàrà pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìpolówó wá gba gbogbo ilẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n ń pè é ní M-brigade; melk, ìyẹn wàrà, ni M náà dúró fún. Ọmọ tó bá ń mu wàrà rẹ̀ déédéé á gba àmì M tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ya ọmọkùnrin kan nínú àwòrán, wọ́n sọ ọ́ ní Joris Driepinter, alágbára tí agbára rẹ̀ ti inú ife wàrà mẹ́ta lójúmọ́ wá. Àwọn ọmọ tó gba àmì M yẹn, àwọn ni àgbàlagbà tó ń sùn sí wọ́ọ̀dù mi báyìí. N kò ní tíì béèrè tán tí wọ́n á fi ní wàrà ni. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wá kí wọn á ní omi ni àwọn fẹ́, tàbí wàrà tí wọ́n fi ọkà oat ṣe. Ìran méjì péré, ohun inú ife ti yí padà!

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá. Mílíìkì alágolo tí ìyá yín ń lu ní ojú méjì, ìlú wo ló ti wá? Friesland ni, ní àríwá Họ́láńdì níbí. Ní 1954 ni Peak kọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Nígbà tó di 1973, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ WAMCO sílẹ̀, ó sì wà n'Íkẹjà títí dòní. Kí èmi tó mọ Họ́láńdì ni mo ti ń jẹ màlúù wọn ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ṣe sí i. Ta ló bu mílíìkì kún ife, tó mu ún sí iyán? Kò sí. A ń kán an sí tíì, a ń kán an sí ògì, a ń kán an sí gàrí lọ́sàn-án tí oòrùn mú. Wọ́n tà á fún wa, àwa náà sì fi ọgbọ́n tiwa lò ó.

Ikùn kò gbọ́ ìpolówó

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo mọ ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ wa ni. Nílé-ìwé, gbogbo ọ̀sán ni wọ́n ń fún un ní ife wàrà kan sí búrẹ́dì rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ni inú ń run ún. Olùkọ́ ní kò fẹ́ràn ìṣirò ni. Bàbá àti ìyá gba olùkọ́ gbọ́, wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Odindi sáà kan! Ọmọ yẹn ń sunkún, ó ń gbá ikùn mú, àgbà mẹ́ta sì ń bá a wí.

Kí ló ń ṣe é? Ṣúgà kan wà nínú wàrà tó ń jẹ́ lactose. Ọmọ ọwọ́ ibi gbogbo láyé ló ní ohun tó ń fọ́ ṣúgà yìí nínú ìfun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní lè mu ọmú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á lẹ́nu ọmú, nǹkan náà máa ń dínkù lára ọ̀pọ̀ èèyàn ayé. Lára àwọn ará àríwá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, kì í sábà dínkù. Wọ́n jogún rẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn baba wọn ti ń sin màlúù. Lára Fúlàní darandaran náà, ọ̀pọ̀ ló ṣì ní in. Lára àwa Yorùbá, díẹ̀ ni. Kì í ṣe àìsàn. Bí a ṣe dá wa ni. Ìdí nìyẹn tí wàrà tó ti kan àti wàràkàṣì fi ń rọ̀ wá lọ́rùn ju wàrà tútù lọ: kíkan rẹ̀ ti jẹ lára ṣúgà yẹn.

Ọmọ náà ń mu omi sí búrẹ́dì rẹ̀ báyìí, ó ń jẹ yógọ́ọ̀tì, inú kò run ún mọ́. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Ẹ má tijú. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Èèwọ̀ tiwa náà tó kí àwọn ẹlòmíràn mọ̀.

Ìyá mi àti aládùúgbò

Ní 2016, ìyá mi wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Aládùúgbò mi, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí, pè wọ́n wá mu kọfí ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó bu kọfí, ó ṣí agolo bísíkíìtì, ìyá mi mú ẹyọ kan, aládùúgbò mi sì dé agolo padà. Ìyá mi délé, inú bí wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ojú olè ló fi wò mí ni?"

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Bísíkíìtì kan sí ife kan, bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ará Họ́láńdì nìyẹn. Bí ife kejì bá dé, agolo á tún ṣí. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn kan nípa Willem Drees, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn láti 1948 sí 1958: pé ará Amẹ́ríkà kan wá sílé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ lẹ́yìn ogun, ìyàwó rẹ̀ sì gbé tíì fún un pẹ̀lú bísíkíìtì ẹyọ kan. Àlejò náà ní, ìlú tí olórí rẹ̀ ń ṣọ́ nǹkan báyìí, owó wa ò ní ṣòfò lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo bí inú wọn ṣe máa ń dùn tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ ó mọ̀ pé iyì ni bísíkíìtì kan yẹn jẹ́ fún wọn.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, a pe aládùúgbò wá jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò. Ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn se é. Ìgò omi wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ife dorí kodò lórí rẹ̀, torí pé a kò tíì jẹun tán. Òkèlè kẹta, ojú aládùúgbò mi pọ́n. Òkèlè karùn-ún, omijé ń dà. Ó ń wo ìgò omi náà, kò lè béèrè, torí nílé tirẹ̀ onílé ló ń bi àlejò ní ohun tó máa mu kó tó jókòó pàápàá. Ìyá mi kò sì bi í, torí nílé tiwọn omi ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ta ni kò mọ̀ yẹn? Obìnrin àgbà méjì tó mọ ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ ń pa wọ́n lára. Èmi ni mo dìde, mo bu omi. Ìyá mi wá lóye. Wọ́n ní, "Bó ṣe ṣe mí lọ́jọ́ bísíkíìtì rèé." Láti ọjọ́ yẹn, bí aládùúgbò bá ti fẹ́ wọlé, ìyá mi á ti bu omi dúró.

Kí n tó jókòó, ṣínáàpù. Ṣínáàpù tí a ń gbé lọ síbi ìdána, tí a ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa, Schiedam ni orísun rẹ̀, lẹ́bàá Rotterdam níbẹ̀ yẹn. Àwọn ẹ̀rọ ìlọkà alátẹ́gùn tó ń lọ ọkà rẹ̀ láyé àtijọ́ wà lára èyí tó ga jù láyé. Jenever ni wọ́n ń pè é. Ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó jẹun, ni wọ́n ti ń mu ún, wọ́n á bu ún kún ife kékeré débi pé kò ṣeé gbé. Ẹni tó fẹ́ mu ún á tẹ̀ bá a, á fa ẹnu ife náà láìfọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún ìyá aláìsàn kan, ọmọ Schiedam, pé lọ́dọ̀ wa a kì í fi ọmọ fọ́kọ láìsí ohun mímu ìlú yín. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo ti gba ju àkókò tí wọ́n fún mi lọ, ẹ má bínú. Lórí tábìlì ẹ̀yìn yẹn, omi ẹ̀rọ wà nínú jọ́ọ̀gì, sóbò wà, tíì wà nínú fíláàsì. Karnemelk náà wà nínú páálí, èmi ni mo rà á wá láàárọ̀ yìí, kò bàjẹ́ o. Kí a tó bọ́ sí ìbéèrè, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dìde, ẹ lọ bá àwọn àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni ẹ máa mu?